Peugeot 504 Bàbá Mi Kò Yí Mọ́: Ṣé Kí N Ra Ẹ́ńjìnnì Tòkúnbọ̀ Ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé. Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀, èyí tí ń lo bẹntiróòlù, ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti bí ọdún mẹ́fà. Mo ra bátìrì tuntun sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, yóò kàn dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì kò ní mira. Mẹkáníìkì kan ní ó ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ ra tòkúnbọ̀. Ẹlòmíràn ní kí a so ó mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, kí a wọ́ ọ gba ọ̀nà Ifẹ̀, pé yóò tú sílẹ̀. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ṣe ìkankan. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tí wọ́n wà nílé nígbà náà léèrè bí ọkọ̀ náà ṣe wọlé ní ọjọ́ tí ó rìn kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbóná títí ó fi kú sójú ọ̀nà, tàbí pé ọ́ìlì gbẹ nínú rẹ̀, a jẹ́ pé irin ti jẹ irin nìyẹn, kò sì sí ohun tí a lè rọ sí i tí yóò ràn án lọ́wọ́. Wọn yóò tú u palẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, tí wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó dógùn-ún ni. Ibi yòówù tí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá dúró sí, fáàfù kan yóò wà ní ṣíṣí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rinrin òjò ń gbà wọlé tí ríìngì písítìnì fi ń lẹ̀ mọ́ ara sílíìfù, ìyẹn irin oníhò tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì ni ó há, ẹ fi gíà sí nútírà, kí ẹ tú fáńbẹ́ẹ̀tì kúrò, nítorí páńpù omi tàbí jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ (èyí tí ń fi iná sínú bátìrì) tí ó há lè dí i lọ́wọ́. Ẹ tú sítátà náà wò. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn mú nọ́ọ̀tì tí ó wà níwájú kiránkì, irin tí ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí i.

Bí kò bá yí, ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ po ATF, ọ́ìlì pupa tí a ń rọ sínú gíà ọtomátíìkì, mọ́ acetone, omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná, ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ máa mì í dáadáa kí ẹ tó rọ ọ́, nítorí àwọn méjèèjì kì í fẹ́ pò mọ́ra. Bí acetone bá wọ́n, dísù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í fiyè sí nìyí: ẹ́ńjìnnì 504 yìí kò dúró lóòró, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n digirí 45, nítorí náà ohun tí ẹ bá rọ díẹ̀ yóò wọ́ sí ìsàlẹ̀, apá òkè písítìnì yóò sì gbẹ. Ẹ rọ ọ́ kí ó pọ̀ tó láti bo gbogbo orí písítìnì, kí ẹ máa fi kún un bí ó bá ti ń fà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí iná má sì dé ìtòsí.

Nígbà tí ẹ bá padà sídìí nọ́ọ̀tì, ẹ yí i síwá díẹ̀, kí ẹ dá a sẹ́yìn díẹ̀, láìfi agbára pá a. Bí ó bá mira bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ó ti ń tú nìyẹn. Wíwọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wọ́ ọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ń fà á kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró; ríìngì ni yóò ṣẹ́, tàbí kí fáàfù tí ó ti lẹ̀ tẹ ọ̀pá tí ń tì í. Bí ẹ bá ní láti ṣí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tí ó bo àwọn sílíńdà, ẹ kìlọ̀ fún ẹni tí yóò ṣe é pé kí ó fi nǹkan di sílíìfù mú kí ó tó yí kiránkì, nítorí sílíìfù 504 ṣeé yọ, omi ni ó sì yí i ká: bí ó bá gbéra, omi yóò máa jò sínú ọ́ìlì.

Bí ó bá yí tán, ẹ má tíì dá pọ́lọ́ọ̀gì padà. Ohun olómi kì í ṣeé fún pọ̀, èyí tí ó bá kù nínú sílíńdà lè tẹ kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tí ó so písítìnì mọ́ kiránkì. Ẹ ṣí ìdérí fáàfù, kí ẹ rí i pé gbogbo wọn ń lọ sókè sódò. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, nítorí ohun tí ẹ rọ ti jò sínú rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ sì gbọ́n bẹntiróòlù ọdún mẹ́fà náà kúrò nínú táǹkì. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fi sítátà yí i, pẹ̀lú wáyà iná pọ́lọ́ọ̀gì ní yíyọ. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níbi tí ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì kọ sí, nítorí yóò tutọ́ jáde. Èéfín púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Èéfín aláwọ̀ aró tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ ti wà á fún ọjọ́ mélòó kan ni ó ń sọ pé ríìngì kò tú tán.

Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lè ronú tòkúnbọ̀. Ẹ má san owó rẹ̀ títí wọn yóò fi fi ọwọ́ yí i níṣojú yín, nítorí òun náà ti pẹ́ nílẹ̀.