Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi sàká ran àwọn ajàjíhàádì lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù Àfáà. Àtìgbà tí wọ́n ti lé Assad tó jẹ́ ààrẹ kúrò ní Síríà ni ọ̀rẹ́ mi kan ti ń sọ pé tí ọ̀nà àwọn ẹgbẹ́ tó gbébọn yẹn ò bá dáa, Ọlọ́hun ò ní fún wọn níṣẹ̀ẹ́gun. Ó ní kí n máa kó sàká mi fún irú wọn, ṣebí fisabilillahi (ẹni tó wà lójú ọ̀nà Ọlọ́hun) wà nínú ẹni mẹ́jọ tó ń gba sàká. Ṣé ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàláàmù. Rárá o, ẹ má fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an torí fídíò ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa fi ń kọ́ jíhàádì báyìí.

Àbòsí Assad kì í ṣe irọ́. Ní 2011, àwọn ọmọdé kọ̀wé tako ìjọba sára ògiri nílùú Dar'a, àwọn agbófinró kó wọn, wọ́n fìyà jẹ wọ́n, àwọn aráàlú jáde, wọ́n tún yìnbọn lù wọ́n. Ẹni tó bá dìde gbèjà ilé ẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní bú u. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Jabhat al-Nusra, ẹgbẹ́ ajàjíhàádì tí Julani ń darí, jáde ní 2012, nígbà tó di 2013 Baghdadi, olórí Daesh (ISIS), ní abẹ́ òun ni wọ́n wà, Julani ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ló bá lọ ṣe báyà (ẹ̀jẹ́ pé òun á máa tẹ̀lé e) fún Zawahiri, olórí al-Qaeda, kí oṣù kìíní 2014 tó parí wọ́n ti ń pa ara wọn, ẹgbẹ́ Ahrar al-Sham àtàwọn míì lápá kan, Daesh lápá kejì, tibí ń pariwo Allahu Akbar, tọ̀hún náà ń pariwo ẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Daesh pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ìran Sha'itat ní Deir ez-Zor, Mùsùlùmí Sunni bíi tèmi tiyín, tó ń kírun tó ń gbààwẹ̀! Ànábì, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ ọ́ nínú Bukhari àti Muslim pé tí Mùsùlùmí méjì bá fi idà kojú ara wọn, ẹni tó pààyàn àti ẹni tí wọ́n pa, iná ni. Wọ́n ní tẹni tí wọ́n pa ńkọ́, ó ní òun náà ń wá bó ṣe máa pa ẹnì kejì ẹ̀ ni.

Ti ìṣẹ́gun tí ọ̀rẹ́ yín ń wí, ṣé ogun Uhud tí wọ́n ti ṣe Ànábì léṣe túmọ̀ sí pé ọ̀nà ẹ̀ ò dáa ni? Assad tó wà lórí oyè láti 2000 di 2024 ńkọ́? Julani tó di ààrẹ, tó ń jẹ́ Ahmed al-Sharaa báyìí, òun gan-an ti kúrò lábẹ́ al-Qaeda láti 2016.

Fisabilillahi inú Sùúrà Tawbah àáyà 60, àwọn onímímọ̀ tó pọ̀ jù ní ẹni tó ń jagun jíhàádì ni, aláṣẹ ló sì ń darí jíhàádì, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó gbébọn tó sì ń pe Mùsùlùmí bíi tiẹ̀ ní kèfèrí. Daesh yìí náà ni Shekau ti Boko Haram ṣe báyà fún ní 2015, ẹ sì mọ ohun tójú Borno rí.

Tó bá jẹ́ pé àánú àwọn ará Síríà ló ń ṣe yín, opó àti ọmọ òrukàn wọn wà ní Tọ́kì, Lẹ́bánónì àti Jọ́dánì, ẹ gba ọwọ́ àjọ tó ń jíhìn owó ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo fàkírì àti onígbèsè àdúgbò yín. Tó bá sì jẹ́ pé owó náà ti wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín, ẹ gbà á padà kíá kó tó fi ránṣẹ́.