Ilẹ̀kùn àpótí lẹ́tà tí kò tì mọ́ lẹ́yìn òjò

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì tú kọ́kọ́rọ́ yẹn dànù, kò bàjẹ́. Ẹ ní ó ń tì dáadáa títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, pé ahọ́n rẹ̀ kò bá ihò mọ́ báyìí. Pákó ilẹ̀kùn ló mumi, ló wú.

Ẹ tú ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, kí ẹ gbé e sí abẹ́ òrùlé fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìfági fá etí rẹ̀, kí àlàfo bíi mìlímítà 3 wà láàárín òun àti férémù. Ẹ má fá a nígbà tó ṣì tutù o! Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó gbẹ tán, ìka mi ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ kùn ún ní ọ̀dà, tinú tòde. Orí pákó níbi tí ayùn ti gé e ló ń mu omi jù, nítorí náà ẹ kun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má gbàgbé inú ihò tí a gbẹ́ sára pákó fún kọ́kọ́rọ́.

Pákó gidi ni mo ń sọ o. Bó bá jẹ́ pláíwúùdù ni, kì í sábà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ híńjì wò: ẹ fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá tì, a jẹ́ pé híńjì ló ti dẹ̀. Ẹ fi èérún igi àti gúlúù dí ihò ìṣó rẹ̀, kí ẹ tún un dè.