Wọ́n ti rí ìtọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde: ṣé AS lè wá fẹ́ AS ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. AS ni mí, AS náà ni àfẹ́sọ́nà mi. A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ àwọn òbí mi kọ̀ jálẹ̀. Mo rí i lórí WhatsApp pé wọ́n ti ń yí SS padà sí AA ní Amẹ́ríkà. Ìyá kan ládùúgbò wa náà ń ta àgbo tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ní èsì àyẹ̀wò tó fi ń han èèyàn. Ṣé ìṣòro ṣì wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Láti ìparí 2023 ni wọ́n ti ń bi mí ní irú èyí, ẹ jẹ́ kí n yára tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ìtọ́jú tí ìròyìn yẹn ń sọ kò yí SS ẹnikẹ́ni padà sí AA.

Ohun ńlá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Haemoglobin ni èròjà inú ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Èyí tí ọmọ inú oyún ń lò là ń pè ní F, F kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ìdí nìyí tí ara ọmọ SS fi máa ń dá ṣáṣá fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó ṣe ń dàgbà, ara á ti ilẹ̀kùn F, á ṣí ti S. Ní 2008, Stuart Orkin, Vijay Sankaran àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Boston fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A ló ń ti ilẹ̀kùn náà. Casgevy, ìtọ́jú tí Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023 tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá, ń gé ibi tó ń tan BCL11A nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun, kí F lè padà wá. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n tọ́pa wọn pẹ́ tó, 29 lo ọdún kan gbáko ó kéré tán láìrí ìrora líle. Mo sunkún ayọ̀ nígbà tí mo kà á.

Ṣùgbọ́n S kò lọ. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbà á wò, ẹ ó bá S níbẹ̀, F kàn ti pọ̀ sí i ni. Inú mùdùnmúdùn eegun ni iṣẹ́ náà parí sí, kò dé ẹyin obìnrin, kò dé àtọ̀ ọkùnrin. Bí ẹni náà bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ṣì lè jẹ́ SS ní ìdajì-ìdajì. Kódà ẹni tí wọ́n gbé mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí lára, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yí padà ní tòótọ́, S tí wọ́n bí mọ́ ọn ló máa fún ọmọ.

Owó Casgevy ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ, oògùn líle tí wọ́n sì fi ń pa mùdùnmúdùn àtijọ́ kí wọ́n tó fi tuntun sí i lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ èèyàn. Bí gbogbo èyí kò bá sọ SS di AA, báwo ni àgbo inú ike omi ṣe máa ṣe é?

Ẹ ní èsì àyẹ̀wò wà. Mo ti rí irú rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ SS kan wá bá wa pẹ̀lú ìrora egungun tó ń mú un ké tòru-tòru, ìyá rẹ̀ sì mú ìwé jáde: AS ni wọ́n kọ sí i. Ó ti dá gbogbo oògùn ọmọ dúró nítorí ìwé yẹn. Nígbà tí mo wádìí, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára ní bí oṣù kan ṣáájú àyẹ̀wò náà. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni ẹ̀rọ rí! Haemoglobin A tí ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní lè wà lára fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe ní àṣìṣe, AS lọmọ látilẹ̀, alágbo á wá gba ìyìn. N kò bá ewé jà. Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ̀rora ni mò ń bá jà.

Ní ti ẹ̀yin méjèèjì: AS kì í ṣe àìsàn, kò sì sí ohun tó ń mú un kúrò. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni SS lè jẹ́ nínú oyún kọ̀ọ̀kan, oyún kì í sì í rántí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́ pé bí ọ̀kan bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́.

Ẹ tún àyẹ̀wò ṣe ní ibi méjì tó ṣeé fọkàn tán, bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí èyíkéyìí nínú yín lára lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́rin ná. Bó bá ṣì jẹ́ AS àti AS, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀ tàbí olùgbani-nímọ̀ràn kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè, kí ẹ bèèrè nípa àyẹ̀wò oyún àti iye tó ń ná èèyàn. N kò rí èsì yín, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn mi rọ́pò ìyẹn. Mi ò ní pàṣẹ pé kí ẹ fi ara yín sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé ilé náà. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwọn òbí yín dání lọ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí ọmọ SS tí ẹ̀yin kò tíì rí.