Ẹbọ tí àwọn ọmọ wa ń wò

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Dublin ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì. Ìjọ wa ń ra ilé ìkẹ́rùsí kan tí a fẹ́ sọ di ilé ìjọsìn, wọ́n sì ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ọrẹ ìfara-ẹni-rúbọ wá, èyí tí a máa mọ̀ ọ́n lára. A ò ní nǹkan míì nílẹ̀ ju owó tí a ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, lè bá kíláàsì rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Òun la kó lọ. Nígbà tó gbọ́, kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn Ọlọ́run, kí ló dé tó jẹ́ nǹkan tèmi lẹ fún un? Láti ọjọ́ yẹn, tó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó, á dákẹ́, kì í kọrin mọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni pé ohun tí kò bá dun èèyàn kò tíì di ẹbọ, mi ò sì fẹ́ kí ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ mi jẹ́ ti ojú ayé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ ní irú ìfẹ́ yìí tí kò fi ní kórìíra ilé Ọlọ́run?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìrònú ọmọ. Ìbéèrè tí ọmọ yín bi yín, ẹ dá a lóhùn ná kí ẹ tó máa wá bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, fọ́ọ̀mù ìgbélùú wa wà lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọ̀nà ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n fi wá sí, ìyẹn ni pé ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá ká tó lè gba ìwé ìgbélùú títí láé: ní ọdún méjì ààbọ̀ síra la máa ń tún fọ́ọ̀mù kọ, pọ́n-ùn 1,033 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, àti owó ìlera tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ìlọ́po méjì ní oṣù Kìíní yẹn gan-an, tó fi di pọ́n-ùn 1,000 míì. Ibẹ̀ la wà tí ìyá ọkọ mi fi kú ní Òṣogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí mọ̀ pé ẹni tó bá jáde kúrò nílùú nígbà tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, ó ti fà á padà nìyẹn. Orí fóònù ni ọkọ mi ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀, ní yàrá ìgbàlejò wa, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọmọ mi ọkùnrin jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó.

Ìjọ wa wà nínú ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fẹ́ bá wa gbà á lè gbà á dé aago méjìlá ọ̀sán, kó sì máa mu omi. Mi ò fi ipá mú ọmọ kankan gbààwẹ̀ rí, mo sì fẹ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá ka èyí. Àṣé ọmọ ọdún méjìlá yẹn kì í jẹun láàárọ̀, kì í jẹ ní ilé-ìwé, kì í fi omi kan ẹnu títí bàbá rẹ̀ á fi ṣínu ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ ni mo tó yẹ owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wò, èyí tí mo máa ń san sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́bọ̀ kan kò kúrò nínú rẹ̀.

Orí pápá ìṣeré ló ṣubú sí. Nígbà tó jí, wọ́n bi í ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, ó ní alẹ́ àná. Wọ́n bi í ìdí rẹ̀, ó ní nítorí ìwé dádì òun ni. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ nílùú òyìnbó. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan láti ẹ̀ka tó ń mójú tó ààbò ọmọdé ti kan ilẹ̀kùn wa. Ó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò fi ohun kankan wọ́ mi nílẹ̀. Ó ní kí n ṣí fíríìjì. Ó ń ṣí àwọn abọ́ áísìkirîmù tí mo bu ọbẹ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí pé kí lèyí, kí lèyí. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń pe orúkọ wọn, ẹ̀fọ́ rírò, gbẹ̀gìrì, ọbẹ̀ ata, bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ó gòkè lọ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní àwọn méjì. Nígbà tó yá wọ́n pa fáìlì náà dé. Kí wọ́n tó pa á dé, bí lẹ́tà bá ti já bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àyà mi á já.

Ìyẹn kọ́ ló kù sí mi lọ́kàn. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣubú, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní, ta ló ní kí o má mu omi? Ó ní, “Mọ́mì, mo rí dádì tó ń sunkún. Mo rò pé tí mi ò bá mu omi pàápàá, Ọlọ́run á mọ̀ pé mi ò ṣeré.”

Ìwé wa jáde kí Ọdún Àjíǹde tó dé. A lọ jẹ́rìí. Ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún àwọn àgbà ìjọ, ni wọ́n bá pè é síwájú pẹpẹ, wọ́n ní kí ìjọ wo ọmọ tó fi ebi ra ìwé fún bàbá rẹ̀. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, omijé ayọ̀ ń dà lójú mi. Ibi tí mo dúró sí, mo rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó gbà wọ́n gbọ́.

Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gúnlẹ̀. Kò sọ fún wa, ó dá ààwẹ̀ tirẹ̀ gbà, láìjẹ, láìmu, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbà á nígbà yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ kú. Ọmọ mi pè mí lóru, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ohun tí mo ṣe ni kò tó?” Mo sọ ohun tí ìyá máa ń sọ, pé Ọlọ́run mọ ohun gbogbo, pé ká má bi Í. Ó ní ó dáa. Láti ìgbà náà, tí mo bá bi í nípa ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ilé-ìwé rẹ̀, á ní iṣẹ́ pọ̀.

Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí ìfẹ́ nínú ààwẹ̀ ọmọ yẹn. Ó wà níbẹ̀, ìfẹ́ bàbá rẹ̀ àti ìfẹ́ Ọlọ́run, ó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgbà tí mo mọ̀ lọ. Àmọ́ ọjà ti wọ inú rẹ̀: mo ti san, ó yá, kó máa bọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ara wa ló ti rí i. Bí owó bá há, a ó dá ọrẹ pàtàkì. Bí ìwé bá pẹ́, a ó fi kún ààwẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́, a ó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ẹnu wa ń sọ ìfẹ́, ojú ọmọ ń rí ìdúnàádúrà.

Ìyá àgbà mi ní Iléṣà, ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi (CAC) pọ́nńbélé ni. Àwa tí a dàgbà lábẹ́ wọn mọ bí ẹbọ wọn ṣe le tó. Ní òpin àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ kuiníìnì wà lára ohun tó mú àwọn baba wa yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, torí wọ́n ní ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kì í lo oògùn. Gbogbo alẹ́ la fi ń gbọ́ ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ wa: bó ṣe ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà fún PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní 1928, tí ìpè fi dé, tó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, títí dé ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà ní 1930 tí èrò ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Ẹ wò ó dáadáa, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, Sátidé ni àwọn ìyá máa ń ru yanrìn, àwa ọmọdé á sì tẹ̀ lé wọn. Abọ́ kékeré ni ìyá àgbà máa ń gbé rù mí. Á dá mi dúró, á wo ọrùn mi, á fi ọwọ́ bu yanrìn kúrò nínú abọ́, á tún wò ó, á wá ní kí n máa lọ. Tí a bá ṣe tán, gbogbo wa á jókòó jẹ ẹ̀wà àti gààrí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ògiri ti ga sí i, mo sì mọ ibi tí yanrìn mi wà nínú rẹ̀. Níbí, báńkì ló ń yọ ìdámẹ́wàá lóru nígbà tí gbogbo ilé ń sùn. Kí ni ọmọ máa rí? Ó rí i pé bàtà òun ti há, pé mọ́mì wà níbi iṣẹ́ alẹ́, pé dádì wà ní ìpàdé ìkọ́lé. Ògiri kankan kò ga lójú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé ta ló ní ká kúrò nílé. Nítorí àwọn ọmọ náà la ṣe kúrò. Iṣẹ́ kíà tí mo ń ṣe lóru, tí mò ń gbé àgbàlagbà dìde, mi ò ṣe é fún ara mi. Síbẹ̀, ọmọ mi kò rí ìyá bàbá rẹ̀ lójúkojú láti ìgbà tó ti ń rá. “Ẹ kú àárọ̀ mà” ni gbogbo Yorùbá tó lè bá màmá sọ lórí fóònù, tí màmá á fi máa gbàdúrà lọ, tí òun á máa ṣe àmín sí ohun tí kò gbọ́. Obìnrin yẹn gba ààwẹ̀ jálẹ̀ ayé rẹ̀. Ká ní ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni, màmá ì bá ti rí ètè rẹ̀ tó gbẹ, ì bá ti ní kó lọ jẹun, kò sì sí ọmọ tó lè bá màmá yẹn jiyàn.

Ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ ka Sámúẹ́lì Kejì orí 24. Ẹsẹ 24 ni àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn, níbi tí Dáfídì ti kọ̀ láti gba ilẹ̀ ìpakà Áráúnà lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun lówó rúbọ sí Ọlọ́run, tó sì san ṣékélì fàdákà 50. Ẹ má fo ẹsẹ 17. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn èèyàn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì, ó ní òun lòun ṣẹ̀. Àwọn àgùntàn wọ̀nyí, kí ni wọ́n ṣe? Ìbéèrè ọmọ yín gan-an nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì wá sọ fún yín pé Hánà fi Sámúẹ́lì sílẹ̀ ńkọ́, òótọ́ ni, ó fi í sílẹ̀. Ọdọọdún ló sì ń rán ẹ̀wù kékeré lọ fún un. Kò gbàgbé pé ara ọmọ ń dàgbà.

Ohun tí mo lè sọ lẹ́yìn èyí kò pọ̀. Ẹ sọ fún un pé ó jàre, kí ẹ má fi “ṣùgbọ́n” sí i. Ṣé kí ẹ padà lọ gba owó náà lọ́wọ́ ìjọ? Èmi ò ní lè ṣe é, mi ò sì lè ní kí ẹ ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe. Ẹ wá ohun tó jẹ́ tiyín: owó aṣọ ẹbí ọdún kan nìkan, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kó rí i pé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ lára ara yín, láì fi ṣe ìwàásù. Ní ti ààwẹ̀, kí ọmọ kankan má gbà á láìmu omi, bó ti wù kó sunkún lórí rẹ̀ tó. Pé kò kọrin mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí olùkọ́ ọmọdé kankan pè é jáde fún àdúrà nítorí rẹ̀. Àbúrò ọmọ mi, obìnrin, ló ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Sátidé, á bá a gbé ìdọ̀tí síta, á ka lẹ́tà fún un nítorí ojú. Kò sẹ́ni tó rán an. Wọ́n fẹ́ kó wá jẹ́rìí nípa rẹ̀ níjọ, mo ní rárá.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ṣì ń wá ohun tí mo máa sọ fún un. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí, ẹ dákun, ẹ sọ bí ẹ ṣe dáhùn fún mi.

Ẹ pe ilé-ìwé lọ́la, ìyá wa, kí ẹ bi wọ́n bóyá àyè ṣì wà nínú ìrìn-àjò náà àti bóyá wọ́n lè gba owó náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́.