Omi tí a ń mu kọ́ ni omi tí a ń fà símú

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa fi omi ẹ̀rọ fọ imú nítorí kátà tí kò gbóògùn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ń mu omi náà tí kò sì ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é ní Houston, tí mò ń tẹ orí ba sórí síǹkì láràárọ̀, tí mò ń rọ omi sí ihò imú kan kí ó lè gba ìkejì jáde, títí ibà, orí fífọ́ àti ọrùn gígan fi dé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ooru.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni pé, ṣé omi wọ imú mi láìpẹ́ yìí? Bí mo ṣe dáhùn, ó yíjú wo nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi, wọ́n ń wá Naegleria fowleri, àmíbà kan, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan bí ó bá gba ọ̀nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí ó bá gba imú, iṣan tí a fi ń gbóòórùn ni yóò tọ̀ dé ọpọlọ. Láti 1962 sí 2024, ènìyàn 167 ni àkọsílẹ̀ wà pé ó mú ní Amẹ́ríkà. 4 péré ló yè é. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi fọ imú ló kó o ran àwọn 2 tó kú ní Louisiana lọ́dún 2011. Láàárín ọjọ́ 1 sí 12 ni àmì rẹ̀ máa ń yọ, nítorí náà ìyàwó mi jókòó ti ibùsùn mi, ó ń fi ìka ka ọjọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n padà rí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Iyọ̀ tí ẹ ní ẹ ń pò mọ́ ọn kò ní kí àmíbà náà má wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó yaya fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ dé e títí yóò fi tutù, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n kọ “distilled” sí lára. Omi yìí kan náà ni kí ẹ fi ṣan ike tí ẹ ń lò. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣe àlùwàlá pẹ̀lú, nítorí pé ní Karachi, ní orílẹ̀-èdè Pakistan, àmíbà náà ti pa àwọn tí kò wẹ odò rárá, fífín omi símú sì ni àwọn dókítà fura sí. Kẹ́tùlù tèmi kì í wọ ilé ìdáná mọ́. Ẹ̀gbẹ́ síǹkì tí mo ti ń fọ imú ló ń gbé.