"Heute Abend" àbí "heute abend"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Mo ń múra ìdánwò B1, ìyẹn ti ìpele àárín, lédè Jámánì. Nínú lẹ́tà tí mo fi dánra wò, mo kọ "heute abend" (ní alẹ́ òní), mo tún kọ "ich arbeite Montags" (mo máa ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé). Wọ́n fi bíró pupa fa igi sí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, "heute abend" wà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú ìwé àlòkù tí mo fi ń kọ́ èdè náà. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsapá. Ìwé yín kò ṣì í kọ, ọjọ́ ló ti lọ lórí rẹ̀. Kí àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1996 tó dé, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, bí àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ náà ṣe ń kọ "nwọn" níbi tí àwa ń kọ "wọ́n". Lóde òní, àkókò tó bá tẹ̀lé heute (òní), gestern (àná) tàbí morgen (ọ̀la), ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n kà á sí, lẹ́tà ńlá ló sì ń gbà: heute Abend, gestern Nachmittag (ní ọ̀sán àná). Tó bá jẹ́ orúkọ ọjọ́ ló ṣáájú, ẹ so wọ́n pọ̀: am Dienstagabend (ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun).

Ti "Montags" yàtọ̀. Montag (ọjọ́ Ajé) jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n -s ìdí rẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Iṣẹ́ tí àpètúnpè ń ṣe fún wa ni -s yìí ń ṣe fún wọn: Abend ni alẹ́, abends ni alaalẹ́, Morgen ni àárọ̀, morgens ni àràárọ̀. Nítorí náà montags, lẹ́tà kékeré, àfi tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ẹ má kàn wo -s nìkan ṣá o. Nínú eines Abends, tó túmọ̀ sí "ní alẹ́ ọjọ́ kan", eines tó ṣáájú fi hàn pé ọ̀rọ̀ orúkọ ṣì ni, ẹ fi lẹ́tà ńlá rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kò béèrè nípa morgen, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń ṣubú. Ohun tí àmì ohùn ń ṣe láàárín ọlá àti ọ̀la ni lẹ́tà ńlá ń ṣe níbẹ̀. "Ich komme am Morgen": àárọ̀ ni mò ń bọ̀. "Ich komme morgen": ọ̀la ni mò ń bọ̀. Tó bá wá jẹ́ àárọ̀ ọ̀la ńkọ́? Wọn kì í sọ pé morgen Morgen. Morgen früh ni wọ́n ń sọ. Ẹ lè rí morgen Früh náà, pàápàá lọ́wọ́ àwọn ará Austria, wọn kò sì ní gba máàkì lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.