Ṣé nọ́ńbà prime (ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́ku àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀) ni 4,294,967,297?

Rárá o. 641 pín in láìṣẹ́ku nǹkan kan: 641 × 6,700,417 ló fún wa ní 4,294,967,297. Prime ni àwọn méjèèjì, nítorí náà nọ́ńbà mẹ́rin péré ló lè pín in: 1, 641, 6,700,417 àti òun fúnra rẹ̀.

Àmọ́ má dá ara rẹ lẹ́bi tó o bá rò pé prime ni. Pierre de Fermat, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, rò bẹ́ẹ̀ náà. 2³² + 1 ni nọ́ńbà yìí. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà kan náà (2¹ + 1, 2² + 1, 2⁴ + 1, 2⁸ + 1 àti 2¹⁶ + 1), ìyẹn 3, 5, 17, 257 àti 65,537, jẹ́ prime, ló bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ìyókù yóò ṣe máa lọ. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló fi hàn ní 1732 pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: prime tó bá máa pín nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 tí a bá fi 64 pín in. Nítorí náà, 193, 257, 449 àti 577 nìkan la máa dánwò ká tó kan 641. Bírò àti ìwé ti tó. Títí di òní, kò tíì sẹ́ni tó rí prime mìíràn lórí ìlà yẹn lẹ́yìn 65,537.